Akọ̀wé àti Alárinà Ìwé

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ kí n má baà pariwo, torí Ìyá Ìbejì wà lẹ́yìn fèrèsé, etí obìnrin yẹn kì í sì í sùn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí, n kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Ohun tí mo bá fojú rí ni mo ń sọ. Èyí tí n kò bá rí, ẹni tó rí i ló máa ń wá sọ ọ́ fún mi. Iṣẹ́ POS tí mo ń ṣe níwájú ilé yìí ló fà á. Ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí àlè, ọ̀dọ̀ mi ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ná owó iléèwé, ọ̀dọ̀ mi ni. Bàbá Lándíláádì tó ní òun ò lówó tí òun yóò fi tún ṣaláńgá ṣe, ọ̀dọ̀ mi náà ló ti ń gba owó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ láti Kánádà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ ṣaláńgá ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé ni mo fẹ́ sọ, tíṣà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Kò níyàwó, kò lọ́rẹ̀ẹ́bìnrin tí à ń rí, bẹ́ẹ̀ iná kì í kú ní yàrá rẹ̀ lóru. A kọ́kọ́ rò pé Yahoo ló ń ṣe. Ìyá Ìbejì tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nítorí ẹ̀. Ìgbà tó gbé ìwé wá pé kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde la tó mọ̀ pé ìtàn ló ń kọ lóru: ìtàn obìnrin aláṣọ òkè kan ní Ìṣẹ́yìn, tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú ń wá bá a nájà lọ́jọ́ ọjà. Ìtàn náà dùn o. N kò tíì kà á tán, torí pé Akọ̀wé ò mọ̀ pé mo ń kà á.

Ló bá dé lọ́jọ́ kan, ó lóun fẹ́ fi ₦180,000 ránṣẹ́. Mo ní, "Ta ló ni ín?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣáà bá mi fi ránṣẹ́." Mo ní, "Akọ̀wé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Ṣùgbọ́n tí owó tíṣà bá fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà báyẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi máa ń kọ́kọ́ fẹ́ mọ ibi tó ń lọ. Mo fún un ní píọ̀ wọ́tà, ó jókòó, ó bá là á fún mi. Ó lóun ti rí éjẹ́ǹtì.

"Éjẹ́ǹtì ilé? Ṣé o fẹ́ kó kúrò ni?"

"Rárá mà, éjẹ́ǹtì ìwé."

Ó wá ń ṣàlàyé. Ó ní ní ìlú òyìnbó, àwọn ilé ìtẹ̀wé ńláńlá kì í sábà gba ìwé lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ẹnì kan ló ń wà láàárín. Òun ló ń ka ìwé náà, tó ń sọ ibi tó wọ́ àti ibi tó dùn. Òun ló mọ olóòtú tó fẹ́ràn ìtàn iwin àti èyí tí kò fẹ́ rí i sójú. Òun ló ń dúnàá dúrà, òun ló sì ń ka àdéhùn kí wọ́n má fi ọgbọ́n gba ẹ̀tọ́ ẹni.

Mo ní, ó yé mi, alárinà nìyẹn. Láyé àwọn ìyá wa, ta ni ọmọkùnrin tó máa dédé já wọ ilé baba ọmọbìnrin? Alárinà ló ń lọ, òun ló ń bọ̀, òun ló mọ ìdílé tí wèrè wà àti èyí tó ń jẹ gbèsè. Èyí tó wá ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ nígbà tí kò tíì mọ̀ bóyá ìyàwó wà nílé, Akọ̀wé, alárinà ibo nìyẹn?

Ó ní owó kíkà ni. Ó ní ọkùnrin náà kọ̀wé láti New York pé òun fẹ́ràn ìwé náà dé góńgó. Mo ní, "Ó ti kà á?" Ó ní rárá, owó tó fẹ́ fi kà á lòun fẹ́ san yìí. Mo wo ojú rẹ̀, òun náà wo ilẹ̀.

Mo ní kó pe nọ́ńbà àkáǹtì náà. Orúkọ tó jáde lójú ẹ̀rọ mi, orúkọ àwọn tó ń sin adìyẹ ni. Ẹ gbọ́, mo rẹ́rìn-ín títí ìyá tó wá gba ₦2,000 fi gbàgbé owó rẹ̀ sórí tábìlì. Mo dá a padà fún un o.

Ọmọ mi obìnrin wà ní London, ṣọ́ọ̀bù ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo fi ohùn bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, òun náà fi ohùn fèsì. Ọmọ yẹn lè sọ̀rọ̀, n kò mọ ẹni tó jọ. Mo din ata tán, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ní éjẹ́ǹtì gidi kì í gba owó kíkà. Pé ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, Association of American Literary Agents, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ọmọ ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kó tó ka iṣẹ́ rẹ̀. Inú owó tí ìwé bá pa ni wọ́n ti ń jẹ: 15 nínú 100 tí wọ́n bá tà á nílé, 20 nínú 100 tí wọ́n bá tà á fún ilẹ̀ òkèèrè tàbí fún àwọn tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Bí ìwé ò bá tà, ebi pa àwọn náà nìyẹn. Ó ní ọkùnrin ará Scotland kan, A. P. Watt, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ní London, ní nǹkan bí ọdún 1875, tó ń ṣe é fún àwọn bíi Rudyard Kipling, ìdá 10 nínú 100 ló sì ń gbà. Mo ní ẹ ò rí i, kì í ṣe èlùbọ́ nìkan ló gbówó lórí.

Ó tún sọ ti obìnrin kan fún mi, Dorothy Deering, ní Kentucky ní Amẹ́ríkà. Obìnrin yìí pe ara rẹ̀ ní éjẹ́ǹtì, ó ń gba owó kíkà lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé káàkiri, kò sì bá wọn ta nǹkan kan. Ẹ̀wọ̀n ló parí ẹ̀. Ọkùnrin kan, Jim Fisher, wá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ odindi ìwé, èyí tó jáde ní 2004. Obìnrin tí kò bá ẹnikẹ́ni ta ìwé, ìwé tirẹ̀ wá wà lórí igbá.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ọmọ Ítálì kan, Filippo Bernardini, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé Simon & Schuster ní London. Ó máa ń fi ímeèlì ṣe bí ẹni pé òun ni éjẹ́ǹtì báyìí tàbí olóòtú báyìí. Ibi tí "m" bá wà nínú àdírẹ́sì, á fi "r" àti "n" lẹ̀ mọ́ra, ojú ò sì ní tètè mọ̀ ọ́n. Báyẹn ló ṣe kó ìwé tó lé ní 1,000 lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n. Wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú JFK ní oṣù kìíní 2022, ó sì gbà ní 2023 pé òun jẹ̀bi. Ẹ sì wá gbọ́ o, kò ta ìwé kankan! Ó ní òun kàn fẹ́ kà wọ́n ṣáájú gbogbo ayé ni. Mo ronú lórí ọkùnrin yẹn gan-an. N kò rò pé ènìyàn burúkú ni.

Akọ̀wé gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó fajú ro. Ó ní, "Mà, ṣé Amos Tutùọlá ní éjẹ́ǹtì?" Ìbéèrè gidi ni. Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tó kú sí Ìbàdàn níbí ní 1997, ìwé mẹ́fà ló kà, mẹ́séńjà ni nílé iṣẹ́ ìjọba l'Ékòó. Ó kọ lẹ́tà sí ilé ìtẹ̀wé kan ní London, Focal Press, pé òun ní ìtàn àwọn iwin inú igbó, òun sì ní fọ́tò àwọn iwin náà. Ìwé nípa fọ́tò yíyà làwọn yẹn ń tẹ̀. Fọ́tò iwin! Wọ́n ní kó fi ránṣẹ́ kíá. Ìgbà tó dé, àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà ni, tí wọ́n wá ya ní fọ́tò. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló rí ìpolówó àwọn United Society for Christian Literature nínú ìwé ìròyìn, ó fi ìtàn ọ̀mùtí kan tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sílẹ̀ àwọn òkú ránṣẹ́ sí wọn. Wọn ò lè tẹ irú ìyẹn, àmọ́ wọ́n gbé e fún Faber and Faber, ó sì jáde ní 1952. Ẹ ò rí iṣẹ́ Olúwa? Àwọn oníwàásù ló ṣe alárinà fún ọ̀mùtí.

Chinua Achebe náà ńkọ́? Ó fi èyí kan ṣoṣo tó fọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá ènìyàn tẹ̀wé lórí táípì ní London, ó sanwó, kò gbúròó. Ọ̀gá rẹ̀ ní rédíò, Angela Beattie, ló lọ gbéná wò wọ́n lójú nígbà tó lọ sí London kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo bi Akọ̀wé pé, "Ẹ̀dà mélòó lo ní?" Ó ní ọ̀kan, lórí láptọ́ọ̀pù. Láptọ́ọ̀pù tí ọmọ Ìyá Ìbejì da ògì sí lórí lọ́dún tó kọjá! Mo ní kó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi kíá, fún ìpamọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bó ṣe yẹ nìyẹn. Ọmọ mi fi ìwé ńlá kan rán ẹni tó ń bọ̀ nílé, Writers' & Artists' Yearbook, èyí tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1906; orúkọ àwọn éjẹ́ǹtì àti ohun tí kálukú ń fẹ́ ló kún inú ẹ̀. Ó tún ní kó máa yẹ ẹ̀yìn ìwé tó bá fẹ́ràn wò, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń dúpẹ́, torí wọ́n máa ń dárúkọ éjẹ́ǹtì wọn níbẹ̀. Ibi tí Akọ̀wé ti ń wádìí kiri ló ti wá rí i pé Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ tó kọ *Stay With Me* àti Oyinkan Braithwaite tó kọ *My Sister, the Serial Killer*, éjẹ́ǹtì kan náà ni wọ́n ní, Clare Alexander. Ó sáré wá sọ fún mi bí ẹni pé èmi ni mo fi wọ́n mọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ló dá ìjà sílẹ̀. Akọ̀wé kọ lẹ́tà rẹ̀ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́: ó kí wọn kú iṣẹ́, ó kí wọn kú òtútù, ó bèèrè àlàáfíà ilé, ó sọ ibi tí wọ́n ti bí baba rẹ̀. Ọmọ mi ní kó yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Ọmọ tí mo bí, tí mo kọ́ ní ìkúnlẹ̀, ló ń sọ pé kí a má kí ènìyàn! Ó ní ojú ìwé kan péré ni, torí lẹ́tà tó ń wọlé sí wọn lóòjọ́ pọ̀: orúkọ ìwé, irú ìtàn tó jẹ́, iye ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, gbólóhùn mélòó kan tó máa jẹ́ kí ẹnu ẹni tó kà á máa da itọ́, ìwé méjì tí kò tíì pẹ́ lórí igbá tí tirẹ̀ lè jókòó tì, àti ẹni tó kọ ọ́. Ó parí. Àwọn ti Bìrìtìkó sábà máa ń fẹ́ orí mẹ́ta àkọ́kọ́ pẹ̀lú àkópọ̀ ìtàn. Àwọn ti Amẹ́ríkà, ojú ìwé díẹ̀ ti tó wọn. Nínú àkópọ̀ yẹn, o gbọ́dọ̀ sọ bí ìtàn ṣe parí. Mo ní irú àlọ́ wo nìyẹn, tí wọ́n ń bèèrè òpin rẹ̀ kí ààlọ́ ààlọ̀ tó bẹ̀rẹ̀? Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣiṣẹ́.

Iye ọ̀rọ̀ inú ìwé wá ni wàhálà. Ti Akọ̀wé lé ní 200,000. Ẹni tó ń kọ ìwé àkọ́kọ́, 80,000 sí 100,000 ni wọ́n máa ń fẹ́ rí. Ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń gé e. Ó pa ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó lé ìyá àgbà kúrò nílé, ó yọ gbogbo ìjà ilẹ̀ tó wà ní orí kejìlá dànù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mo mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ wà níbẹ̀?

Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́, mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dúró. Ìdúró yìí ni wọn kì í sọ fún ènìyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ méjìlá. Àwọn kan ò dáhùn rárá, àìdáhùn yẹn gan-an sì ni èsì. Àwọn kan fèsì pé ìwé náà dára ṣùgbọ́n kò bá àwọn lára mu. Akọ̀wé rù. Ìyá Ìbejì ní kó gbé e lọ sórí òkè àdúrà, pé ẹnì kan nílé baba rẹ̀ ló di ímeèlì rẹ̀ lọ́nà. Ọmọ mi sọ fún un pé Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé kan tí àwọn éjẹ́ǹtì kọ̀, kó tó kọ *Children of Blood and Bone*, èyí tó jáde ní 2018 tí òkìkí rẹ̀ kàn. Èmi rò pé ìyẹn ṣiṣẹ́ ju òkè àdúrà lọ, n kò kàn jẹ́ kí Ìyá Ìbejì gbọ́ ni.

Obìnrin kan ní London wá kọ̀wé pé kó fi gbogbo ìwé ránṣẹ́. Nígbà tó ṣe, ó ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ojúkojú lórí Zoom. Ọjọ́ náà ni wọ́n mú iná! Ṣọ́ọ̀bù mi ló wá lò, torí mo ní ínfátà. Mo ti gbogbo oníbàárà sẹ́yìn, mo ní owó ti tán. N kò gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, abẹ́ tábìlì ni mo wà, mo ń wá bírò mi tó bọ́. Obìnrin náà sọ ibi tó fẹ́ kó tún ṣe, ó bi í pé kí ló kàn tó fẹ́ kọ. Akọ̀wé náà bi í ní èyí tí ọmọ mi kọ́ ọ: ilé ìtẹ̀wé wo lẹ fẹ́ gbé e lọ? Ta ni yóò máa ta ẹ̀tọ́ ìtumọ̀ rẹ̀? Bí a bá fẹ́ pínyà ńkọ́? Obìnrin náà ò bínú. Ó tiẹ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó lè sọ fún àwọn éjẹ́ǹtì yòókù tí ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kó tó yan ẹni tó wù ú. Mo ní èyí ò jọ ti adìyẹ.

Àdéhùn dé, a kà á, èmi àti Akọ̀wé àti ọmọ mi lórí fóònù. Ó wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò yóò sọ ọ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìwé tí éjẹ́ǹtì bá ti bá ọ tà, títí tí àdéhùn ìwé náà yóò fi tán ni yóò máa jẹ ìdá tirẹ̀, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti jà. Ibí ni ti ìwé ti yàtọ̀. Ti ìgbéyàwó, tí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀ba. Ti èyí, kò ní yẹ̀ba. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó ń kọ́kọ́ bọ́ sí, á yọ tirẹ̀, á wá fi ìyókù ránṣẹ́. Ká ní ilé ìtẹ̀wé san £10,000 àsansílẹ̀, éjẹ́ǹtì yọ £1,500, ó ku £8,500. Wọn ò sì ní san án lẹ́ẹ̀kan: díẹ̀ nígbà ìbọ̀wọ́lùwé, díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, díẹ̀ nígbà tí ìwé bá jáde. Tí ará Amẹ́ríkà bá wá ra ìwé náà, ìjọba wọn á kọ́kọ́ mú 30 nínú 100 sílẹ̀ bí owó orí, torí Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ò ní àdéhùn lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì pariwo "Hẹ̀n-ín!" láti ẹ̀yìn fèrèsé. Mo ti sọ fún yín nípa obìnrin yẹn.

Ohun tó wù mí jù nínú ọgbọ́n obìnrin London yìí ni pé ó ní òun ò ní ta ẹ̀tọ́ Nàìjíríà mọ́ ti Bìrìtìkó. Ìwé Ayọ̀bámi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Canongate ló tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún ní 2017, Ouida Books tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé tó ń sọ̀rọ̀ Ìṣẹ́yìn á máa dé Ìbàdàn ní iye owó London, ta ló fẹ́ rà á?

Ọmọ mi ní kí Akọ̀wé má tìtorí pé obìnrin náà dáa kó wá dijú. Ó ní iléeṣẹ́ éjẹ́ǹtì kan wà ní New York nígbà kan, Donadio & Olson, iléeṣẹ́ ẹni iyì ni. Ní 2018 ni àṣírí tú pé Darin Webb tó ń bá wọn ṣe ìṣirò owó ti jí $3.4 mílíọ̀nù. Owó Chuck Palahniuk tó kọ *Fight Club* wà níbẹ̀. Nítorí náà kó máa gba àkọsílẹ̀ owó rẹ̀, kó sì máa kà á. Èmi tí mo ń ṣe POS, mo ti mọ ìyẹn tipẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ní "ẹ má wulẹ̀ fún mi ní rìsíìtì," mo máa ń fún un ni.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn o. Éjẹ́ǹtì ti gbé ìwé náà fún àwọn olóòtú, àwọn kan ti kọ̀ ọ́, àwọn kan ò tíì sọ̀rọ̀. Níní éjẹ́ǹtì kì í ṣe pé ìwé ti tà. Ìwé *Harry Potter* àkọ́kọ́ náà ní éjẹ́ǹtì, ilé ìtẹ̀wé 12 ló sì kọ̀ ọ́ kí Bloomsbury tó gbà á. Akọ̀wé ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ tíṣà rẹ̀, ó ṣì ń tan iná lóru, òmíràn ló ń kọ báyìí.

Ẹ̀yin lẹ kù. Ìjà ilẹ̀ orí kejìlá tó yọ dànù yẹn wà lórí fóònù mi lódindi, ó sì dùn ju ìyókù ìwé lọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ olóòtú kan ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn níbí, kó jọ̀ọ́ sọ fún un kó wá bá mi. N kò gba owó kíkà. Ìdá 15 nínú 100 péré ni tèmi, ìyókù jẹ́ ti Akọ̀wé.